Sísì Inú Fayolíìnì

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní fayolíìnì kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan okùn rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹnu la fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò tẹ ohùn kan lórí dùùrù kékeré tó wà ní kíláàsì, àwa mẹ́fà yóò sì kọ ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ tó rẹlẹ̀ díẹ̀, kò ní bá a wí. Yóò kàn tún ohùn náà tẹ̀, yóò máa tẹ̀ ẹ́, títí etí onítọ̀hún yóò fi gbọ́ ibi tó ti ṣìnà. Lẹ́yìn èyí ni yóò fún wa ní igi tí wọ́n gbẹ́ bíi fayolíìnì, tí kò ní okùn, pé kí a fi àgbọ̀n àti èjìká dì í mú, kí a máa gbé e rìn yí kíláàsì ká láìfi ọwọ́ tì í.

Bàbá mi ló gbẹ́ àwọn igi náà. Káfíńtà ni, òun ló ń ṣe bẹ́ǹṣì àti tábìlì fún ilé ìwé, ibẹ̀ ni òun àti Tíṣà ti mọra. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pe ọkùnrin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà pọ̀ ní Adó nígbà náà. Bí ọyẹ́ bá mú, gúlù ara fayolíìnì a máa já, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì là. Èyí tó kọ́kọ́ là, aṣọ ìnura ni Tíṣà fi wé e wá sí ìsọ̀ bàbá mi, bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Bàbá mi fi ọjọ́ méjì wò ó kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn ojú ibi tó là.

"Awọ màlúù ni wọ́n sè fi ṣe gúlù rẹ̀," ni ó wí.

Ó lọ ra awọ tútù lọ́wọ́ àwọn alápatà, ó sì sè é nínú ìkòkò ìyá mi títí ó fi di àtè. Ìyá mi ní òun kò ní fi ìkòkò náà se ọbẹ̀ mọ́ láé, kò sì fi sè é mọ́. Ṣùgbọ́n fayolíìnì náà kò là mọ́.

Ọjọ́ tí Tíṣà wá gbé e ló bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ ìsọ̀ tí mo sì ń kọrin. Ó dúró, ó gbọ́ ọ. Ó wá bèèrè bóyá òun lè mú mi kún àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Àwọn márùn-ún tó kù, ọkùnrin ni wọ́n.

"Kí ni yóò fi ṣe?" ni ìyá mi bi í.

"Yóò máa ta á, Màmá."

"Bó bá ta á tán ńkọ́?"

"Yóò tún un ta."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá mi láìmọ̀. Bàbá mi ní kí n lọ.

Ọmọ ìlú wa ni Tíṣà. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá rẹ̀, ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan ló kọ́kọ́ fi fayolíìnì lé Tíṣà lọ́wọ́ ní kékeré. Láti Adó ó bọ́ sí Èkó, láti Èkó ó bọ́ sí Ìlú Ọba, ó sì lo ọdún mẹ́tàlá níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ orin, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n tó ọgọ́ta, tí gbogbo wọn ń wo ojú ẹnì kan ṣoṣo tó mú igi tín-ín-rín lọ́wọ́. Àwòrán wọn wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bí mo bá débẹ̀, mo máa ń wá ojú rẹ̀ nínú àwòrán náà, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí n má rí i.

Nígbà tó padà dé, àwọn kan ní Èkó fẹ́ kí ó dúró lọ́dọ̀ wọn. Kò dúró. Ó sọ fún bàbá mi pé bí òun bá kú sí Èkó, ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ta. Bí òun bá kú sí Adó láìkọ́ ẹnì kankan, ó parí nìyẹn.

Ìlú kò tètè gbà á. Gòjé ni wọ́n ń pè é, gòjé tí àwa sì mọ̀ nígbà náà, àwọn tó ń ta á kiri ọjà láti fi tọrọ ló ni ín. Bí mo bá gbé àpótí fayolíìnì kọjá, àwọn ọmọkùnrin a máa pariwo láti orí odi ilé ìwé pé, "Alágbe! Ta tiwa fún wa! A ó fún ọ ní kọ́bọ̀!" N kì í dá wọn lóhùn. Ìyá mi ní kí n bú wọn padà, èmi kò mọ èébú tó pọ̀.

Ẹni tó fún Tíṣà ní àyè láti ṣe iṣẹ́ yìí ni Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Àgbàlagbà ni, kòkó ló ń tà, ilé rẹ̀ sì wà ní ọ̀nà Ìyìn. Ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀ kéékèèké ni Tíṣà ń gbé. Òun náà ló sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ fún orin. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jó. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí ogun Bọ́mà, kò sì padà. Láti ọjọ́ tí ìwé tó mú ìròyìn náà wá ti dé, kò dìde fún onílù kankan mọ́. Bí wọ́n bá ń kì í níbi ìnáwó, yóò mi orí díẹ̀, yóò sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í sì í sọ ọ́. Tíṣà ti wà ní Ìlú Ọba nígbà tí ìròyìn yẹn dé. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí a sọ fún un.

Ní òpin ọdún kejì tí mo ń kọ́ ọ, Tíṣà pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé ní ọ̀sán Sátidé kan. Àwọn àgbà jókòó sí iwájú lórí àga, àwọn ìyá jókòó sí ẹ̀yìn lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ fèrèsé. Àwa mẹ́fà la kọ́kọ́ ta orin ìyìn méjì. A kò ṣe dáadáa púpọ̀, ṣùgbọ́n a bẹ̀rẹ̀ papọ̀, a sì parí papọ̀, ohun tó ní kí a ṣe náà nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Ẹnìkan ní, "Ẹ wo ọmọ Káfíńtà!" Mo rí i tí bàbá mi ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà Tíṣà nìkan dìde. Ó bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́, ó sì di ojú rẹ̀.

N kò mọ orúkọ orin náà títí di òní. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò lẹ́yìn tí mo ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta á yára jù. Ti Tíṣà falẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ẹ̀yìn ń dá a lóhùn bí a ṣe ń ṣe bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ tó dùn wá: "Hẹn-ẹn." "Ó rí bẹ́ẹ̀." Ìyá arúgbó kan ní, "Ó ń sunkún, ẹ gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà àwọn náà dákẹ́.

Mo gbọ́ tí àga kan ha ilẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi di apá mi mú.

"Yéè," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Bàbá dìde."

Alága ló dìde. Ó kó agbádá rẹ̀ jọ sí ọwọ́ kan, ó rọra gun pèpéle. Ó mú owó sísì kan jáde, ó fi itọ́ sí i lára bí a ṣe ń ṣe é kí ó lè lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ Tíṣà níwájú orí.

Tíṣà kò rí i nígbà tó ń bọ̀. Ó ta gìrì. Orin náà gé bí okùn tó já. Ó gbọn orí, sísì náà bọ́ sórí fayolíìnì, ó yí, ó sì wọ inú ọ̀kan nínú ihò gígùn méjì tó wà láyà rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ bí ó ṣe ń ró kólókóló nínú lọ́hùn-ún. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni Tíṣà wí, "ẹ lọ jókòó. N kì í ṣe alágbe."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, bóyá ì bá sàn. Alága dúró síbẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ó dára." Ó yípadà, ṣùgbọ́n kò padà sí àga rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló gbà. Àwọn ará ilé rẹ̀ dìde tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn nìkan là ń gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, akọ̀wé ìgbìmọ̀ wá ti kọ́bọ́ọ̀dù tí fayolíìnì wa wà nínú rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Wọ́n sọ fún Tíṣà pé Alága fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà ní òpin oṣù, àti pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní Ọjọ́bọ̀ láti sọ bóyá kíláàsì orin yóò tún wà. Àwa ọmọ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí Tíṣà kò bá ní ilé, tí kò ní kíláàsì, Èkó ni yóò padà sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà sunkún níwájú mi, ó sì ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun yóò lù mí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà wá sí ìsọ̀ wa.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó sọ fún bàbá mi, "ẹ bá mi yọ nǹkan tó wà nínú rẹ̀."

"Nǹkan náà ní orúkọ," ni bàbá mi fèsì. "Sísì ni."

Ó gba fayolíìnì náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín díẹ̀díẹ̀, ó ń fi etí tẹ̀ lé ibi tí owó náà ń yí lọ. Tíṣà jókòó sórí pákó. Ó wá sọ̀rọ̀.

"Ọdún kejì mi lọ́hùn-ún, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi dáwọ́ dúró. Mo dúró ní ẹ̀bá títì nínú òtútù, mo dojú fìlà mi kọ òkè nílẹ̀ bí igbá, mo ń ta á. Àwọn tó ń kọjá ń ju kọ́bọ̀ sí i. Ọkùnrin kan ju tirẹ̀, ó bà mí ní orúnkún, ó ní kí n máa jó bí mo ti ń ta á. Mo jó, Ẹ̀gbọ́n. Ebi ń pa mí. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ẹnikẹ́ni kò ní ju owó sí mi mọ́."

Bàbá mi kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ta ló ju owó sí yín ní Sátidé?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Mo ní, ṣé ó jù ú?"

Tíṣà fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Ó gun òkè wá bá yín," ni bàbá mi wí. "Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan orí yín. Tíṣà, ẹ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kú sí ogun?"

"Ọmọ wo?"

Ìgbà yẹn ni bàbá mi tó gbé ojú sókè. Ó sọ ọ́ fún un, kò sọ ọ́ gùn. Ó sọ ti ìwé tó dé, ó sọ ti àwọn onílù tí wọ́n ti lù títí tí wọ́n sì dákẹ́ níwájú ọkùnrin náà. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

"A rò pé ẹ mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀."

"Lọ́hùn-ún, bí orin bá wọ èèyàn lára, ṣe ni wọ́n ń dákẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́ dáadáa, o ti gba owó rẹ nìyẹn."

"Níhìn-ín, ẹni tí orin wọ̀ lára tó jókòó, ahun ni," ni bàbá mi wí. Ó yí fayolíìnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti okùn wáyà tín-ín-rín bọ ihò rẹ̀, sísì náà sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó nà án sí Tíṣà. "Ọ̀la ni kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi yóò bá yín lọ. Ọ̀tunla ti pẹ́."

Èmi ni mo gbé àpótí. Nígbà tí a dé ilé Alága ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wà níta, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí ẹní. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi kúnlẹ̀. Bàbá arúgbó náà yí kòkó dé ìpẹ̀kun ẹní, ó sì padà.

"Bàbá, a wá bẹ̀ yín ni," ni bàbá mi wí.

"Ta lẹ bá jà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Alága dúró ní iwájú Tíṣà. "Ìwọ lo sọ pé o kì í ṣe alágbe. Ṣé mo pè ọ́ ní alágbe?"

"Rárá, sà."

"O ní kí n lọ jókòó." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jókòó. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo dìde, o ní kí n padà lọ jókòó."

Tíṣà kò gbé orí sókè. Ó ní, "N kò mọ̀, Bàbá. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ forí jì mí." Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún rí, mo sì yí ojú sí ibi tí kòkó wà.

Alága wá ní, "Dìde. Omi kòkó ń wọ ẹ̀wù rẹ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Orin yẹn, ṣé ó ti parí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Kò tíì parí, sà. Ó ku ìdajì."

"Ìdajì!" Ó wo bàbá mi bí ẹni pé òun ló fi í pa mọ́. "Ìdajì ṣì wà tí n kò gbọ́?"

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná kan lábẹ́ igi, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Tíṣà ṣí àpótí fayolíìnì, ó yí okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nítòsí bàbá arúgbó náà, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tí orin náà dé ibi tó ti gé ní Sátidé, ó fẹ́ dìde. Ó dá ara rẹ̀ dúró, ó tẹ̀ sí mi létí.

"Ọmọ, ṣé ó ti tó kí n dìde?"

"Kò tíì tó, Bàbá."

Ó padà jókòó. Orin náà lọ sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó tún bi mí, mo tún sọ fún un pé kò tíì tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí. Nígbà tí Tíṣà fa ohùn tó kẹ́yìn, kò tètè gbé ọrun tó fi ń ta á kúrò lórí okùn. Ó máa ń kọ́ wa pé kí a ka ení dé ẹ̀rin ná, nítorí ohùn náà kò tíì tán bí ọwọ́ bá tán. Mo kà á.

"Ó ti tó, Bàbá," ni mo wí.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ wá àpò aṣọ oko tó wọ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Tíṣà mú sísì náà jáde nínú àpò tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Tiyín rèé, sà." Bàbá arúgbó náà gbà á. Ó fi itọ́ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Tíṣà níwájú orí, Tíṣà kò sì mira. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju bí a ṣe ń ṣe lọ. Bàbá mi lóṣòó, ó ń wo àwọn kòkó bí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n.

"Ulé náà, máa gbé inú rẹ̀," ni Alága wí níkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń sọ ọ́ nílé. "Ẹ sọ fún akọ̀wé kó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbìmọ̀ lè jókòó ní ọ̀la bí wọ́n bá fẹ́ jókòó."

Ní Sátidé, a bá fayolíìnì wa ní ibi tó wà. Tíṣà kó owó tọ́rọ́ mẹ́fà jáde. Ó ri ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ wa níwájú orí, ó sì ní kí a máa ta ohùn mẹ́jọ tí a ti mọ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Bí orí bá dúró, kò ní bọ́," ni ó wí. "Bí ó bá bọ́, ẹ má dúró."

Ti ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ ta bọ́ ní ohùn kejì. Ó dá ọwọ́ dúró láti wo ibi tó yí lọ.

"Máa ta á lọ!" ni Tíṣà wí. "Ẹni tó fún ọ ṣì dúró níwájú rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí. Tèmi dúró títí mo fi dé ohùn kẹrin, lẹ́yìn náà ó yọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú mi, ó sì bọ́ sínú ọrùn aṣọ mi, ó tutù. N kò wo ibi tó lọ. Mo gbé ìka mi sórí okùn kejì, mo sì ń ta á lọ.